Ta Ni Yóò Jẹun Kẹ́yìn?

Ìbéèrè: Màmá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé girama kan ní apá Ìwó, inú ọgbà ni àwọn ọmọ ń gbé. Àwọn pírífẹ́ẹ̀tì wa ti sọra wọn di ọba kéékèèké. Àwọn ọmọ JSS 1 ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń wẹ̀, àwọn náà ló ń fọ ṣọ́kísì wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí ọmọ kan kúnlẹ̀ nínú oòrùn nítorí pé kò kí hẹ́ẹ̀dì-bọ́ì dáadáa. Pírínsípà wá ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀ ní asẹ́ḿbílì ọjọ́ Ajé pé ìránṣẹ́ ni aṣáájú jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́ Mà, kí ni kí n sọ? — *Olùkọ́ ọlọ́dún mẹ́fà*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má sọ nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé inú pírínsípà rẹ ò ní dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní asẹ́ḿbílì fún ọdún mọ́kànlá gbáko, mo sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Hẹ́ẹ̀dì-bọ́ì á dìde, á fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń dún bí agogo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, á ti rán ọmọ kan lọ sídìí kànga.

Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Ọ̀dọ̀ àwa tíṣà ni. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olùtọ́jú họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọbìnrin, ọmọ mẹ́rin ló ń pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn ilé mi ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Mi ò tiẹ̀ kà á sí. Ọjọ́ kan ni mo bá síníọ̀ kan tó jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, tí júníọ̀ rẹ̀ ń ru omi bọ̀, tí ọrùn ọmọ ọ̀hún ti wọ̀ sáàárín èjìká. Mo jágbe mọ́ ọn pé ta ló fún un láṣẹ. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀yin náà ń rán wa." Kò yájú sí mi o. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé ìṣirò ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fọwọ́ ara mi pọn omi mi, ẹ̀yìn sì dùn mí fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Yàrá oúnjẹ la ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Tẹ́lẹ̀, pírífẹ́ẹ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ bu tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orí ìkòkò níbi tí epo dà sí ló máa ń ti ìgbákọ bọ̀. Ọmọ JSS 1 tó bá dé kẹ́yìn, omi ẹ̀wà ló bá. Mo wá dá a lábàá ní ìpàdé àwọn olùkọ́ pé kí pírífẹ́ẹ̀tì máa bu oúnjẹ fún gbogbo ọmọ, kí òun sì máa jẹun kẹ́yìn. Ẹnì kan níbẹ̀ ní mo fẹ́ ba ilé-ìwé jẹ́, pé ẹ̀rù wọn ò ní ba àwọn ọmọ mọ́. Mo ní ẹ̀wà la ń sọ, kì í ṣe ẹ̀rù.

Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, hẹ́ẹ̀dì-gẹ́ẹ̀lì bu ẹ̀wà bí ìyá ọlọ́mọ, ìgbákọ rẹ̀ ń kún àkúnwọ́sílẹ̀. Kó tó kan tábìlì mẹ́ta tó kẹ́yìn, ìgbákọ ti ń ha ìdí ìkòkò. Àwọn pírífẹ́ẹ̀tì mẹ́fà mu gàrí sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àánú wọn ṣe mí, mo fẹ́ fi búrẹ́dì ránṣẹ́, mo sì kó ara mi níjàánu. Ìṣẹ́gun kejì, ọmọbìnrin yìí ka orí kó tó mú ìgbákọ, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ẹ̀wà inú ìgbákọ kó lè dọ́gba. Síbẹ̀ kò tó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló kanlẹ̀kùn mi. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ti lọ dúró nílé ìdáná ní ìdájí, níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀wà. Ó ní, "Mà, kóńgò tó ń wọ inú ìkòkò kò tó èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé."

Mi ò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ara wọn. Ẹ̀wà pọ̀ sí i ṣá. Ṣùgbọ́n wò ó: gbogbo ọdún tí pírífẹ́ẹ̀tì fi ń jẹun ṣáájú, kò sí èyí nínú wọn tó mọ̀ pé ẹ̀wà ń dín. Báwo ni yóò ṣe mọ̀, nígbà tí àìtó kì í dé abọ́ tirẹ̀?

Nítorí náà, mú ohun kan ṣoṣo, omi tàbí oúnjẹ, kí o yí ètò rẹ̀ padà, kí ẹ̀yin olùkọ́ sì ṣáájú. Ní ọdún 1956 tí Tai Solarin àti Sheila, ìyàwó rẹ̀, dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, wọn ò fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, àwọn ọmọ ló ń ro ó. Ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀, ṣòkòtò péńpé àti fìlà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tó bá múra báyẹn kò ní àwáwí tí yóò fi sá fún ọkọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé mo ní kí ọmọ má bọ̀wọ̀ fágbà. Wọ́n á ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí òwe yẹn wí ná: iṣẹ́ ló gbé lé àgbà lọ́wọ́. Kò mẹ́nu kan ìkíni rárá.

Ọmọ tó kúnlẹ̀ nínú oòrùn ńkọ́? Lọ wá a lónìí. Wo orúnkún rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Mà. Láti JSS 1 ni ọmọbìnrin mi ti ń gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ni wọ́n fi ṣe hẹ́ẹ̀dì-gẹ́ẹ̀lì. Ó ń sunkún. Ṣé kí n lọ bá pírínsípà? — *Bàbá kan, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Ẹ má lọ o, Bàbá. Ẹ bi ọmọ yín léèrè: lọ́jọ́ tí tíṣà ìṣirò kò wá, ta ló dìde síwájú bọ́ọ̀dù? Bó bá jẹ́ òun ni, ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, báàjì nìkan ló kù. Bí kì í bá ṣe òun, àwọn tó ń gba ipò ìkẹyìn wà ní kíláàsì rẹ̀, WAEC sì ń bọ̀. Kó kó wọn jọ ní Sátidé. Ẹ bá a ra páálí ṣọ́ọ̀kì kan.