Èlú kò mú sátìnì wa: ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa?

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Aláró, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi èlú rẹ sátìnì funfun fún ìnáwó ìgbéyàwó kan. A rì í bọ ìkòkò léraléra, a sá a, ó dúdú dáadáa. Àfi bí a ṣe fi omi ṣàn án tí gbogbo aró bá omi lọ. Ẹni tó ta èlú fún wa la ń bá jà báyìí. Ṣé èlú rẹ̀ kò dáa ni? Ṣé ewé mìíràn wà tó lè mú un? (Olùkàwé, Ìkìrun)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ bẹ ẹni tó ta èlú. Bí aṣọ yín ṣe dúdú kí ẹ tó ṣàn án yẹn, èlú rẹ̀ dáa. Aṣọ gan-an ló yẹ kí ẹ wádìí.

Ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí sátìnì náà, ẹ fi ẹ̀mú mú un sókè abọ́ omi, kí ẹ ṣáná sí i. Tó bá jó gere, tó ń rùn bíi bébà tó jóná, tí eérú rẹ̀ sì kúnná lẹ́búlẹ́bú láàárín ìka, òwú ni tàbí ráyọ́ọ̀nù. Tó bá súnkì sá fún iná, tó yọ́, tó sì dì di kókó líle tí èékánná kò lè fọ́, pọlíẹ́sítà tàbí náílọ́ọ̀nù ni. Tí ẹ bá rí eérú, tí ẹ tún rí kókó nínú rẹ̀, wọ́n ti lú méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Irú èyí máa ń gba aró, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ kì í jinlẹ̀.

Ó dá mi lójú pé kókó lẹ máa rí. Òwú ń mu omi. Omi eérú ló ń mú kí èlú yòrò nínú ìkòkò kó lè wọ inú òwú lọ. Tí ẹ bá wá fa aṣọ jáde, ẹ ó rí i pé ó ń ṣe bí ewé tútù, kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí i tó fi di búlúù. Inú fọ́nrán ló ti ń di búlúù yẹn, ìdí nìyẹn tí kò fi lè jáde mọ́. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe pọlíẹ́sítà. Fọ́nrán rẹ̀ há pinpin, kì í mu omi, orí rẹ̀ lásán ni èlú ń jókòó sí. Aró tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ilé iṣẹ́ ń lò fún un, nínú ẹ̀rọ tó ń ti omi gbóná kọjá ìhó, dé nǹkan bí 130°C. Ìkòkò èlú kì í sì í ṣe ohun tí à ń gbé ka iná.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ fi álọ́ọ̀mù, iyọ̀ tó ń mú kí àwọ̀ dì mọ́ aṣọ, sí i. Ẹ má dá a lóhùn. Álọ́ọ̀mù wúlò fún òwú tí a bá ń fi àwọn ewé àti èèpo igi mìíràn rẹ ẹ́, àmọ́ pọlíẹ́sítà kò ní ibi tó máa dì mú.

Ní ti ewé mìíràn, àtalẹ̀ pupa àti láàlì máa ń lẹ̀ mọ́ pọlíẹ́sítà díẹ̀ tí ẹ bá sè é pẹ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ tó rẹ̀ lẹ ó rí. Orí náílọ́ọ̀nù ni wọ́n ti ń ṣe bẹbẹ, nítorí ó fara jọ irun àgùntàn nínú bó ṣe ń gba àwọ̀. Èlú pàápàá ń mú un. Ẹ má sá ti àtalẹ̀ sóòrùn o, kíá ló ń ṣá.

Tó bá jẹ́ dídán lẹ fẹ́, ẹ ra ráyọ́ọ̀nù. Ara igi ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì ń mu èlú gan-an. Ẹ má fún un pọ̀ nígbà tó bá tutù, kì í lágbára nínú omi. Ẹ wọ sátìnì yẹn ní funfun rẹ̀. Òṣogbo tí mo wà yìí, ìtàn ní Ọ̀ṣun kígbe níhìn-ín nígbà tí igi wó fọ́ ìkòkò aró rẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n ń da èlú tó ti jinná nù sórí aṣọ tí kò lè gbà á.

ÌBÉÈRÈ: Mo fi tẹ́rù, aṣọ òwú funfun, rán bùbá kí n tó rẹ ẹ́. Aṣọ gba aró, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ funfun kalẹ̀. Kí ló dé? (Olùkàwé, Ẹdẹ)

ÌDÁHÙN: Pọlíẹ́sítà ni òwú ìránṣọ tí télọ̀ fi rán an. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ rẹ aṣọ náà kí ẹ tó gbé e fún un, tàbí kí ẹ ra òwú ìránṣọ tí wọ́n fi òwú gidi ṣe fún un, kí ẹ sì ti fi iná dán òun náà wò.