Táyà ìgbà òtútù fún jíìpù: ẹ má wo ti eyín ńlá

Mo rí ìbéèrè yín. Jíìpù yín jẹ́ fọ́ọ̀-wíìlì, táyà ẹrẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ò tíì jẹ, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè fi í la àkókò yìnyín kọjá kí ẹ má baà náwó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Èmi ti dán an wò, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Àárọ̀ kùtù ni. Yìnyín ti rọ̀ mọ́jú, àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú mi sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tó fi ń dán. Mo gun òkè náà láìsí wàhálà, wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ́ ọkọ̀ lọ geerege, ọkàn mi sì balẹ̀. Ìgbà tí mo ń sọ̀ lódìkejì ni mo tẹ bíréèkì. Pẹ́dà ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi gbì-gbì-gbì, ọkọ̀ ò dín eré kù. Mo yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì, imú ọkọ̀ ṣì kọjú síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Eré tí mo ń sá ò tó 30 km/h. Kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló dá wa dúró. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ mi wà lẹ́yìn ọkọ̀, igbe tó ké lọ́jọ́ náà ò tíì kúrò létí mi.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wo táyà náà. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó le bí igi. Eyín rẹ̀ tóbi lóòótọ́, ó sì jìn, àmọ́ orí eyín kọ̀ọ̀kan tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó ń dán, kò sí ìlà kan péré lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi.

Rọ́bà táyà lásán máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í le tí ojú ọjọ́ bá ti tutù ju nǹkan bí 7°C lọ. Bí wọ́n ṣe po rọ́bà ti ìgbà òtútù yàtọ̀: sílíkà pọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń rọ̀ síbẹ̀ nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ bá ti gan. Ẹ tún wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ìlà wẹ́wẹ́ lórí gbogbo eyín rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ fún un. Iṣẹ́ ńlá ni gbẹ́rẹ́ yẹn ń ṣe. Bí táyà bá ti tẹ ilẹ̀, ẹnu wọn á là, etí wọn á di ilẹ̀ mú. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà lórí omi dídì (ice, èyí tó le tó sì ń dán, yàtọ̀ sí yìnyín, ìyẹn snow, tó ń rọ̀ láti òkè), òun gan-an ló ń mú ọkọ̀ yọ̀, inú gbẹ́rẹ́ yẹn ló sì ń rí sá sí. Nǹkan míì tún wà tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: yìnyín ló ń di yìnyín mú jù. Táyà ìgbà òtútù máa ń fi yìnyín díẹ̀ pamọ́ sáàárín eyín rẹ̀, èyí tó wà lára táyà á wá lẹ̀ mọ́ èyí tó wà nílẹ̀, bíi ti ọmọdé tó ń mọ yìnyín ṣù lọ́wọ́. Ti táyà ẹrẹ̀, kó máa ju ohun tó bá kó sí i lẹ́yín dànù ni wọ́n ṣe ṣe é. Nínú ẹrẹ̀, ìyẹn dáa gan-an. Nínú yìnyín jíjìn tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀, ó ṣì máa ń wa ọ̀nà lọ. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ti tẹ̀ dán la máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́ o.

Ní ti fọ́ọ̀-wíìlì, ó ń bá wa gbéra ni, kì í bá wa dúró. Ọkọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà, wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń dúró, tiyín ló sì wúwo jù.

Ohun tó tàn mí jẹ ni lẹ́tà M+S (Mud and Snow, ẹrẹ̀ àti yìnyín) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà. Mo rò pé ó ti tó. Bí ojú táyà bá ṣe rí ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi lè kọ M+S sí i, kò dìgbà tí wọ́n bá dán an wò lórí yìnyín. Àmì tí ẹ máa wá ni ti òkè ṣóńṣó mẹ́ta tí èérún yìnyín kan (snowflake) wà láàárín rẹ̀. Ìyẹn, wọ́n ti dán an wò lórí yìnyín kó tó gba àmì. Ní Jámánì, láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, M+S nìkan ò jẹ́ táyà ìgbà òtútù mọ́ lójú òfin. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé orí yìnyín ni ìdánwò àmì yẹn, kì í ṣe orí omi dídì.

Èwo wá ni kí ẹ rà? Ọ̀nà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi yàn án, kì í ṣe èyí tí ẹ ń lọ fi gbafẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí ọ̀dà bá pọ̀ nínú ìrìn yín tí yìnyín sì ń wá tó ń lọ, tí ẹ tún ń wọ inú igbó, all-terrain (táyà tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà àti inú igbó pa pọ̀) tó ní àmì òkè yẹn á gbè yín. Bí yìnyín bá ń wà nílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ ra ojúlówó táyà ìgbà òtútù olójú gbẹ́rẹ́. Èyí lèmi ń lò báyìí, n kò sì ní padà sẹ́yìn. Táyà oníṣòó wà fún ibi tí omi dídì ti pọ̀, pàápàá níbi tí ojú ọjọ́ ti ń rá bàbà yí 0°C ká, torí ìgbà náà ni omi dídì ń yọ̀ jù. Ó máa ń pariwo lórí ọ̀dà, ibòmíràn sì wà tí òfin ò fàyè gbà á. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má ra èyí tó fẹ̀ jù. Táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ á gé yìnyín rírọ̀ kọjá títí tó fi máa kan ilẹ̀ líle. Àwọn ará Iceland ń lo táyà ràgàjì lórí yìnyín òkè, lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jo afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ débi pé ó máa rọ̀ bẹ̀ǹbẹ̀ kó lè léfòó ni. Ìwọ̀n tó wà lára férémù ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ẹrù tí táyà lè gbé kéré sí tibẹ̀.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ rà pa pọ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn, mo tún fẹ́ ṣọ́ owó ná, mo ra méjì síwájú. Iwájú di ilẹ̀ mú, ẹ̀yìn fẹ́ wá kọjá rẹ̀ níbi tí mo ti ń yí kọ́nà. Yàtọ̀ síyẹn, bí gíga àwọn táyà ò bá dọ́gba, jíà tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn á máa jìyà, àtúnṣe rẹ̀ á sì ju owó táyà méjì lọ.

Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n tó dè é. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni: 3823, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 38 ọdún 2023. Bí ojú rẹ̀ bá ti kù sí 4 mm, èmi kì í lò ó lórí yìnyín mọ́. Bí ojú ọjọ́ bá fi 10°C wálẹ̀, afẹ́fẹ́ inú táyà á fi nǹkan bíi 0.1 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́) dín kù, nítorí náà, òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ fi géèjì wọ̀n ọ́n.

Bí wọ́n bá sì ti dè é tán, tí ẹ ti wà á tó nǹkan bíi 50 sí 100 km, ẹ tún àwọn nọ́ọ̀tì wíìlì fún. Ní tèmi, méjì ló ti tú díẹ̀ nígbà tí mo fi sípánà kàn wọ́n.