Wọ́n yọ orí bátìrì, iná ẹ́ńjìnnì kú, ó tún tàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ ni. Iná yẹ́lò tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù mi. Mẹkáníìkì yọ orí bátìrì, ó so ó padà, iná náà kú. Ní ọjọ́ kẹta ló tún tàn. Ní báyìí, bí mo bá ń gun bíríìjì, á máa ṣẹ́jú, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n. Réwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló bàjẹ́, kí n lọ ra òmíràn ní ọjà Ládìpọ̀. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé kan, Ṣómólú)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó sórí brain box. Iná tó kàn tàn sílẹ̀ tí kò ṣẹ́jú lè dúró dìgbà tí ẹ máa ráyè láàárín ọ̀sẹ̀, bí ọkọ̀ bá ń rìn dáadáa tí kò sì gbóná jù. Èyí tó ń ṣẹ́jú kò gba fòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la. Ó ń sọ pé iná ò ràn dáadáa nínú sílíńdà kan, ó kéré tán, ìyẹn ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Epo tí kò jó á ṣàn wọ sàlẹ́ńsà, inú kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, ni yóò ti wá máa jó, á sọ ọ́ di ẹyin iná. Bí kátálíìsì bá yọ́, ọ̀nà èéfín á dí, owó rẹ̀ sì ju ti púlọ́ọ̀gì mẹ́rin lọ fíìfíì. Bó bá ti ń ṣẹ́jú, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ orí Third Mainland ni, ẹ rọra wà á lápá ọ̀tún títí ẹ ó fi sọ̀ sí Adékúnlé tàbí Òwòròǹṣòkí.

Orí bátìrì tí wọ́n yọ yẹn ló dùn wá jù. Kí iná yẹn tó tàn, brain box ti kọ kóòdù sílẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ irú àìsàn tó rí, pẹ̀lú bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó àti bó ṣe gbóná tó lásìkò náà. Ẹni tó yọ bátìrì láìkà á ti pa ẹ̀rí rẹ́, àìsàn náà sì wà níbẹ̀. Ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ síkáànì bọ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí orúnkún awakọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á lójú yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ká ní P0302 ló jáde: sílíńdà kejì nìyẹn, láti ọwọ́ ibi tí bẹ́líìtì wà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló di kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan (ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) mú, sípánà 10 ló ń tú u. Ẹ gbé kọ́ìlì kejì sí ipò ìkẹta, kí ti ìkẹta bọ́ sí ìkejì, ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ wà á lọ wà á bọ̀. Bó bá di P0303, kọ́ìlì ló kú, ẹyọ kan péré lẹ máa rà. Bó bá ṣì jẹ́ P0302, ẹ tú púlọ́ọ̀gì ibẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá dúdú tó gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Bó bá rin fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ń wọlé. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò púlọ́ọ̀gì náà pẹ̀lú: omi táwọn tó ń fọ ọkọ̀ ń fọ́n sí ẹ́ńjìnnì máa ń dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n wo nọ́sù tó ń fọ́n epo, àti compression, ìyẹn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n bá yẹ fíúùsì àti wáyà wò tán kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ brain box.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ọ̀kan náà ni iná yẹ́lò yìí àti iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì? (Òǹkàwé kan, Yábàá)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Pupa yẹn ń sọ pé ọ́ìlì ò lágbára tí yóò fi yí ẹ́ńjìnnì ká. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 5, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fa gééjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á. Bí ọ́ìlì bá wà lábẹ́ àmì ìsàlẹ̀, ẹ fi kún un. Bó bá pé, ẹ má tún un sítáàtì mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.