Ṣé Mo Lè Máa Ka WhatsApp Ìyàwó Mi Láìjẹ́ Kó Mọ̀?

Ìbéèrè: Asalaamu alaykum, bàbá wa Àlùfáà. Mùṣin ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, léèsì ló ń tà ní Balógun. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí mo mú fóònù rẹ̀ nígbà tó ń wẹ̀, mo fi ya àmì QR tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi, ni WhatsApp rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sí i ni mò ń kà. Mi ò rí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sì fẹ́ kí ìyá ọkọ òun gbọ́. Mo ti fẹnu bà á létí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Láti ìgbà náà, ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá ń kírun. Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni olórí ilé, pé kò sí ohun tó gbọdọ̀ pamọ́ fún ọkọ. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé dandan ni kí n sọ fún ìyàwó mi?

Ìdáhùn: Wa alaykum salaam warahmatullahi wabarakaatuhu. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Arákùnrin mi, kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí o ṣe, ẹ̀gbọ́n rẹ sì ṣì ọ́ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya gan-an ni hádíìsì kan wá lé lórí. Jábírì ọmọ Abdullahi, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ló gbà á wá, ó sì wà lọ́dọ̀ Imam Muslim. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún ọkùnrin láti já wọlé bá àwọn ará ilé rẹ̀ lóru, kó máa fura pé wọ́n dalẹ̀ òun, tàbí kó máa wá àṣìṣe wọn. Wò ó dáadáa. Ilé tirẹ̀ ni. Ìyàwó tirẹ̀ ni. Síbẹ̀ wọ́n ní kó má ṣe é, nítorí èrò tó gbé e wọlé. Bí ọkùnrin ò bá gbọdọ̀ já wọ yàrá ara rẹ̀ lóru ọjọ́ kan láti ṣọ́ ìyàwó rẹ̀, kí la ó wá sọ nípa ẹni tó jókòó sínú ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, tọ̀sán-tòru?

Mo mọ hádíìsì tí ẹ̀gbọ́n rẹ máa fà yọ: darandaran ni oníkálukú yín, wọn yóò sì bi oníkálukú léèrè nípa ohun tó ń dà. Òdodo ọ̀rọ̀ ni, Bukhari àti Muslim gbà á wá. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni darandaran ń dúró sí. Ẹran rẹ̀ ń rí i, òun náà ń rí ẹran rẹ̀. Ẹni tó bá lúgọ sínú igbó tó ń yọjú wo ẹran, a ní orúkọ mìíràn tí à ń pè é.

Sahl ọmọ Sa'd sọ pé ọkùnrin kan yọjú láti inú ihò ara ilẹ̀kùn Ànábì. Ìyarun onírin wà lọ́wọ́ Ànábì, ó ń fi họ orí. Ó ní ká ní òun mọ̀ pé ó ń wo òun ni, òun ì bá fi gún un lójú. Pé nítorí ojú ni wọ́n ṣe ní kí á máa tọrọ ìyọ̀ǹda. Bukhari àti Muslim náà ló gba èyí wá.

Òkè-Pópó, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni wọ́n bí mi sí. Yàrá mẹ́wàá ló wà nílé wa, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, kọ́tìnì nìkan ló sì máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́sàn-án. Atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, kọ́tìnì á gbéra sókè. Bí ojú ẹ bá ṣèèṣì yà síbẹ̀, ìgbátí ìyá mi ti dé. O fẹ́ tọrọ iyọ̀? Dúró síta, kó o kágò. Bí wọn ò bá tíì dáhùn “àgò yà,” ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ kan kọ́tìnì. Ìyá mi ò kéwú jìnnà, ṣùgbọ́n áyà 27 àti 28 nínú Súrátù Núrì ló fi ń tọ́ wa: ẹ má wọ ilé tí kì í ṣe tiyín títí ẹ ó fi tọrọ ìyọ̀ǹda, tí ẹ ó sì sálámà sí àwọn ará ibẹ̀, bí wọ́n bá sì ní kí ẹ padà, ẹ padà.

Yàrá tó wà nínú fóònù ìyàwó rẹ pọ̀ ju ti ilé wa yẹn lọ, òun nìkan kọ́ ló sì ń gbé ibẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ nìyí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kágò, ìyàwó rẹ ló dá a lóhùn, ó sì tú ìbànújẹ́ ikùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Kò mọ̀ pé ọkùnrin kan wà lẹ́yìn kọ́tìnì. WhatsApp ti ọ̀rọ̀ pa mọ́ sáàárín ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, débi pé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè kà á. Àmọ́ kọ̀ǹpútà tí o so mọ́ ọn ti di ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé sí, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ti wà lọ́wọ́ rẹ. Ibn Abbas gbà á wá, Bukhari sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé ẹni tó bá tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí wọn ò fẹ́ kó gbọ́, òjé yíyọ́ ni wọn yóò dà sí i létí lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀.

(Wọ́n tún máa ń fa ọ̀kan yọ pé ẹni tó bá wo lẹ́tà arákùnrin rẹ̀ láìgbàṣẹ, iná ló ń wò. Abu Daud tó gbà á wá fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ọ̀nà tó gbà dé lẹ, nítorí náà mi ò gbé ìdájọ́ lé e. Èyí tó fìdí múlẹ̀ ti tó wa.)

Ẹ rántí bí àwọn ará Èkó ṣe ké nígbà tí àwọn áàpù ayánilówó ń kó nọ́ńbà inú fóònù ẹni, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí àna àti lèmọ́mù ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Ní 2023, Google ní áàpù ayánilówó kankan kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tàbí àwòrán inú fóònù ènìyàn mọ́. Ẹni tó yáwó tẹ “mo gbà.” Àna rẹ̀ ò tẹ nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ ìyàwó rẹ náà ò tẹ nǹkan kan. Òfin ìlú pàápàá ò dákẹ́: abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ilé ọmọ ìlú, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀, wọ́n sì tún fọwọ́ sí òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ní 2023.

Ṣí Súrátù Hujuráátì, áyà 12. Ọlọ́hun kọ́kọ́ ní kí á jìnnà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbá dídá. Lẹ́yìn náà Ó ní kí á má ṣe ṣamí ara wa. Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, tí Ó fi wé jíjẹ ẹran ara arákùnrin ẹni tó ti kú. O fura, o ṣamí, o sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí áyà náà ṣe tò ó gẹ́lẹ́ ni ìwọ náà ṣe tò ó.

Ó yá, kí ni wàá ṣe? Yọ kọ̀ǹpútà rẹ kúrò lára WhatsApp náà lálẹ́ òní, má dúró de Àsùbáà. Bí o bá ya àwòrán ọ̀rọ̀ kankan pa mọ́, pa á rẹ́.

Ní ti pé kí o sọ fún un: àwọn onímímọ̀ kan ní bí ìjẹ́wọ́ bá máa dá aáwọ̀ tó ju ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ sílẹ̀, kí ènìyàn tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun fún ẹni tó ṣẹ̀, kó sì máa sọ rere rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n lórí tìrẹ, ohun tí mo rí ni pé kí o sọ ọ́. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà nínú rẹ̀, túúbá irú rẹ̀ kì í pé láìbẹ ẹni tó ni ẹ̀tọ́. Òun sì ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ sí lọ́wọ́, ó yẹ kó mọ̀ pé àmáánà tó wà lọ́wọ́ òun ti jò. Jókòó sílẹ̀, sọ ọ́ kúkúrú, má fi “ìfẹ́ ló fà á” bò ó mọ́lẹ̀. Bí o bá ń bẹ̀rù ìjà, pe àgbàlagbà kan tó ń bọ̀wọ̀ fún.

Má lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìtìjú kejì nìyẹn máa jẹ́ fún un. Ṣe àdúà fún un ní kọ̀rọ̀ pé kí Ọlọ́hun fún un lọ́mọ, bó bá sì wá kí yín nílé, kí ojú rẹ má yí padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni kí o lọ bá. Sọ fún un pé àmáánà ni ohun tó gbọ́ lẹ́nu rẹ, kò gbọdọ̀ dé etí ìyàwó rẹ̀.

Bí ìfura bá tún dé lọ́jọ́ iwájú, bi ìyàwó rẹ lójúkojú. Bí kò bá yanjú, áyà 35 nínú Súrátù Nísáì ní kí á yan onílàjà kan láti ìdílé ọkọ, ọ̀kan láti ìdílé ìyàwó. Ọmọ kékeré tí o ra fóònù fún ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: o lè máa wò ó, kí ó ṣáà mọ̀ pé ò ń wò ó.

Ìrun tí o ti kí kò bàjẹ́. Àánú ni ìdààmú tí Ọlọ́hun fi sí ọ lọ́kàn lórí ẹní ìrun. Bí ìyàwó rẹ bá sì yí nọ́ńbà tó fi ń ṣí fóònù rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì, má bi í pé kí ló dé. Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.