Òkúta Inú Pákó Ìrókò Ṣẹ́ Eyín Ayùn Mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Káfíńtà ni mí n'Íbàdàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra pákó ìrókò, mo fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn fún kọ́sítọ́mà kan, bí mo ṣe ń là á lọ ni ayùn oníná mi ké, ó ta iná, eyín mẹ́ta kán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí mo máa wo ibẹ̀, òkúta funfun ló wà nínú igi, ó tó ẹyin adìyẹ. Ọmọ iṣẹ́ mi ní àwọn tó ń gbénú ìrókò ló fi síbẹ̀, kò fọwọ́ kan pákó yẹn mọ́. Èmi rò pé oje funfun tó máa ń jáde lára ìrókò ló dì. Ta ló gbà á nínú wa? Ṣé kí n dá pákó padà?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá káfíńtà, ayùn kì í ṣe ohun tí à ń rà lójoojúmọ́. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ò gbà á o. Inú èèpo àti ewé ni oje funfun yẹn wà, nínú ọ̀nà tín-ín-rín tójú ò lè rí, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló máa ń na ara ẹ̀ gùn táá sì máa pẹ̀ka lọ. Ọ̀pọ̀tọ́ àti gbẹ̀rẹ̀fútù náà ní in, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Egbò ara igi ló ń bá wọn dí, kòkòrò tó bá sì wá jẹ wọ́n, á lẹ̀ ẹ́ lẹ́nu pọ̀. Tó bá gbẹ ńkọ́, ńṣe láá máa fà bíi rọ́bà, ibo ló ti fẹ́ rí agbára ṣẹ́ eyín ayùn?

Ẹ wá wo orí pákó níbi tẹ́ ẹ ti gé e, ẹ máa rí àwọn ihò wínníwínní. Ọ̀nà omi nìyẹn, láti gbòǹgbò lọ sókè. Omi yẹn ló ń kó kásíọ́ọ̀mù (èròjà tó ń mú egungun le) wá látinú ilẹ̀, igi á fi ṣe kírísítà kéékèèké (hóró líle bíi ti iyọ̀) pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀, àwọn bakitéríà tó ń jẹ irú kírísítà bẹ́ẹ̀ á wá sọ ọ́ di nǹkan tó dà bí ẹfun. Ibi tí igi bá ti ní egbò tàbí ihò ló sábà máa ń kóra jọ sí, á wá le gbagidi. Ẹ ha díẹ̀ lára òkúta yẹn, kẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, á hó ṣùù. Ẹ pe ọmọ iṣẹ́ yín kó wá wò ó (ó sì lè tún sá o!).

Ti pé kẹ́ ẹ dá a padà, ẹni tó tà á ò lè mọ̀, inú ló wà. Àmọ́ igi tó yí òkúta ká sábà máa ń dúdú ju ìyókù lọ, tẹ́ ẹ bá ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìṣó gún un wò kẹ́ ẹ tó gbé ayùn lé e. Ẹ sì bo imú, eruku ìrókò máa ń yún ara.

Tẹ́ ẹ bá wá ní igi àpá lẹ fẹ́ fi rọ́pò, ó ní tiẹ̀ náà: nǹkan yẹ́lò kan wà nínú àwọn ihò omi ẹ̀ tó máa ń ran aṣọ tí omi bá ti kàn án. Ẹ má lọ fi ṣe ibi ìsáṣọ fún ẹnikẹ́ni.