Èsì: Ṣé ikọ́ lè ṣẹ́ eegun ìhà?

Bẹ́ẹ̀ ni o, ikọ́ lè ṣẹ́ eegun ìhà. Ohun tí ẹ sọ, pé ìyá yín ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 3, tí nǹkan wá dún "kọ̀" lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, jọ ọ́ gan-an. Ti pé X-ray ò rí nǹkan kan kò tán ọ̀rọ̀; eegun tó kàn sán díẹ̀ kì í sábà hàn níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi ìka kan tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń dùn wọ́n wọra, eegun ni mo máa fura sí. Bó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló ń ro wọ́n, ó lè jẹ́ iṣan ló fà.

Ẹ má fi ọ̀já di àyà wọn. Wọn ò ní lè mí kanlẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà á sì ráyè. Ìrọ̀rí ni kí wọ́n gbá mọ́ ẹ̀gbẹ́ náà bí ikọ́ bá ti ń bọ̀. Nígbà tó ṣe èmi náà, mo gbé ìrọ̀rí wọ dáńfó, àwọn èèyàn ń wò mí bíi wèrè. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 kó tó jinná.

Ikọ́ yẹn gan-an ńkọ́? Tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 2, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò nítorí ikọ́ ife. Bí wọ́n bá sì ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún dókítà: ó máa ń fa ikọ́ gbígbẹ. Kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn o.

Bí wọ́n bá wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tàbí tí mímí ń nira, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lálẹ́.