Mo fẹ́ máa yọ̀ǹda ara mi láti sọ ìtàn fún àwọn ọmọ iléèwé: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá olùkọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, mo sì fẹ́ràn ìtàn gan-an. Mo fẹ́ máa lọ sí iléèwé àti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò láti sọ ìtàn fún wọn láì gbowó. Nígbà kan ṣoṣo tí mo dán an wò, ojú ewé mẹ́rìnlá ni mo kọ sílẹ̀. Mi ò tíì kà á dé ìdajì tí àwọn ọmọ kan ti ń sùn, tí àwọn tó kù ń ta ara wọn nípàá lábẹ́ tábìlì. Kí ni kí n ṣe kí ọ̀rọ̀ mi lè wọ̀ wọ́n létí? Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Bí àgbàlagbà kan bá sì dìde láàárín èrò tó ní ohun tí mo sọ kò rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí ìbéèrè yín, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ni ní ìtàn ní iléèwé girama kí n tó bọ́ sídìí mímú àwọn ọmọ iléèwé yíká ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, mo sì mọ ohun tí àlejò bíi tiyín lè ṣe tí ọwọ́ olùkọ́ kì í sábà tó. Ìdánwò máa ń lé olùkọ́ láti orí kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀yin ní àǹfààní láti dúró sójú kan, kí ẹ fi odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sórí ohun kan ṣoṣo títí á fi yé ọmọ. Nítorí náà, ẹ má bínú sí àwọn ọmọ tó sùn yẹn. Ojú ewé mẹ́rìnlá ló pọ̀ jù.

Ẹnì kan, ẹ̀rí kan, ìbéèrè kan: ìyẹn ti tó fún ìjókòó kan. Ẹ jẹ́ kí a fi Samuel Àjàyí Crowther ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ lè tò ó báyìí: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó ṣèrìbọmi ní 1825, ó di àlùfáà ní 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó kú ní 1891. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ tó délé, wọ́n á ti gbàgbé ẹ̀.

Ẹ gbé e gba ibòmíràn. Ẹ fi àwòrán bàbá arúgbó náà nínú aṣọ bíṣọ́ọ̀bù hàn wọ́n, kí ẹ má tíì sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ wá béèrè pé ta ló ti pé ọmọ ọdún méjìlá nínú kíláàsì. Bí wọ́n bá nawọ́, ẹ sọ fún wọn pé nǹkan bí ọjọ́ orí yẹn ni bàbá inú àwòrán yìí wà nígbà tí àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú wọn, àti pé kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ẹṣin pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ fún ẹṣin. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra rẹ̀: ta ló gba ẹṣin náà, níbo ni ìyá rẹ̀ wà, báwo ló ṣe wá di bíṣọ́ọ̀bù?

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ lo agbára yín jù, nítorí ohun tó ya ìtàn àkọsílẹ̀ sọ́tọ̀ sí àlọ́ nìyẹn: báwo la ṣe mọ̀? Crowther fúnra rẹ̀ ló kọ bí wọ́n ṣe mú un sínú lẹ́tà kan ní 1837, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ọ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ túmọ̀ ìlà márùn-ún péré nínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ fún ọmọ méjì méjì ní ẹ̀dà kan. Ẹ wá bi wọ́n pé: ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá kó tó kọ ọ́, kí ni ẹ̀yin náà rántí nípa ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé iléèwé? Ta ló ń kọ ọ́ sí? Ká ní ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló máa sọ ọ́? Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó fi ìbéèrè bí èyí mú olùkọ́ rẹ̀ lẹ́nu dákẹ́. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní gba ohunkóhun tó bá kà sórí fóònù gbọ́ láì wádìí, èrè yẹn sì tóbi ju kó mọ ọdún mẹ́fà lórí lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ parí ìtàn náà fún àwọn ọmọ kékeré, ẹ gbé e dé 1846, nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ pàdé ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn ìyókù lè dúró dọjọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó gba ìṣọ́ra níbí. Nínú lẹ́tà kan náà, Crowther sọ pé òun gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun lóru. Mi ò jẹ́ ka ibẹ̀ fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láéláé. Ní iléèwé girama, màá kọ́kọ́ fi han olùkọ́ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, torí òun ló mọ ọmọ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn. Níwájú àgbàlagbà, mo máa ń kà á, nítorí ẹni tó bá fò ó ti dín ìyà ẹrú kù fún àwọn tó ń gbọ́. Bákan náà, ẹ má ṣe ní kí ọmọ kan ṣe ẹrú kí òmíràn ṣe ẹni tó rà á. Àwọn olùkọ́ kan rò pé eré bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ìtàn yé ọmọ. Ohun tí èmi rí ni pé ẹ̀rín ló máa ń dà fún àwọn kan, ẹ̀sín ló sì máa ń dà fún ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹrú.

Ọdún kì í yé ọmọdé. 1821 àti ọdún 79, nígbà tí òkè ayọnáyèéfín Vesuvius bú ní Ítálì, jọra lójú ọmọ ọdún mẹ́jọ: àtijọ́ ni méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ilẹ̀ ní ohun èlò rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ mú okùn mítà mẹ́wàá, kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún ọdún kan, kí ọmọ kan di òpin tó jẹ́ òní mú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ máa rí i pé gbogbo ayé òun kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ lọ. Ìgbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945 máa bọ́ sí nǹkan bíi mítà kan ó dín díẹ̀, tí Crowther máa wà ní nǹkan bíi mítà méjì. Ẹ wá sọ fún wọn pé ọdún 79 kò tilẹ̀ sí lórí okùn yìí, pé a máa nílò okùn mìíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó o kí a tó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín.

Ní ti ẹni tí ẹ máa lọ bá, ọ̀gá iléèwé ni. Kódà bí olùkọ́ kan bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, ojú ewé kan péré: ẹni tí ẹ jẹ́, ìtàn tí ẹ fẹ́ sọ, kíláàsì tí ẹ rò pé ó bá mu, iye ìṣẹ́jú, àti ẹni méjì tó lè ṣe onídùúró fún ìwà yín. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú sáà yẹn, kí ọ̀rọ̀ yín lè ti iṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n máa ṣàyẹ̀wò bóyá ẹni tó fẹ́ bá ọmọdé ṣe nǹkan ti dá ọ̀ràn rí. Ní ilẹ̀ England, DBS ni wọ́n ń pe ìwé rẹ̀. Ẹ má kà á sí ìwọ̀sí. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ wà nínú kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má ya fọ́tò ọmọ láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i, ẹ má sì gba nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ ọmọ kankan.

Ogún ìṣẹ́jú ọ̀rọ̀ ti tó fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí mẹ́wàá tó kù jẹ́ ti ìbéèrè àti ohun tí ọwọ́ wọn lè tọ́. Àgbàlagbà lè gbọ́ yín fún ogójì ìṣẹ́jú. Káàdì kékeré kan ni kí ẹ mú dání, kì í ṣe ìwé tí ẹ máa kà. Bí àwọn arúgbó bá pọ̀ láàárín wọn, ẹ béèrè makirofóònù kódà bí ohùn yín bá lọ sókè dáadáa, ẹ má sì yí ẹ̀yìn sí wọn nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, torí àwọn mìíràn ń wo ètè yín kí wọ́n lè gbọ́.

Nípa ẹni tó dìde pé kò rí bẹ́ẹ̀: mo máa ń retí onítọ̀hún ni. Ẹ bi í pé, "Níbo lẹ ti gbọ́ ọ, sà?" Bí ó bá jẹ́ pé ó wà níbẹ̀, tàbí pé bàbá rẹ̀ ló sọ fún un, ẹ̀rí nìyẹn. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó sọ ọ́ àti bó ṣe mọ̀ ọ́n, kí ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà nínú ìwé. Bí ẹ̀yin náà kò bá mọ ìdáhùn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà tí ẹ bá rí i.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún wọn ni ti Pompeii, ìlú àtijọ́ ní Ítálì tí eérú Òkè Vesuvius bò mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Pliny Kékeré nígbà tó wo Òkè Vesuvius láti òdì kejì omi bí ó ṣe bú gbàù ní ọdún 79, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí òpìtàn Tacitus lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ìwé mú nínú ẹ̀dà lẹ́tà náà ni 24 Oṣù Kẹjọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ láti ìran dé ìran. Ní 2018, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi èédú kọ sára ògiri ilé kan níbẹ̀. Kò kọ ọdún, àmọ́ ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí 17 Oṣù Kẹwàá, èédú kì í sì í pẹ́ kó tó pa rẹ́. Ìyẹn mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni òkè náà bú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ìgbà tí mo bá sọ èyí tán ni àwọn tó ti di apá mọ́yà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí àwọn náà mọ̀.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ mú kíláàsì kan ṣoṣo. Ẹ bẹ olùkọ́ wọn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rántí sórí bébà, láìkọ orúkọ, kó sì kó o fún yín. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn bá kọ ni kí ẹ máa fi ṣí ọ̀rọ̀ ní iléèwé tó kàn. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ, ẹ yọ ọ́, kí àyè lè wà fún ìbéèrè wọn.